Igi Tí Wọ́n Gbìn fún Àbúrò Mi

Ẹ sún mọ́ mi díẹ̀. Ẹni tó bá rí àpótí, kó jókòó lé e. Ẹni tí kò rí, kó tẹ́ ẹní. Ọ̀rọ̀ yìí kò gùn lọ títí, ṣùgbọ́n kì í ṣe ọ̀rọ̀ tí à ń gbọ́ lórí ìdúró. Ẹni tó bá dúró gbọ́ ọ lè fi ìbínú lọ kí n tó parí, kó bínú sí Ìlobù tàbí kó bínú sí Ìfọ́n, n kò sì fẹ́ bẹ́ẹ̀. Ìlobù ni wọ́n bí mi sí. Ìfọ́n-Ọ̀ṣun ni mo ti lọ́kọ, ibẹ̀ ni mo ti bímọ, ibẹ̀ ni mo ti hu ewú. Ẹni tó bá ní kí n yan ọ̀kan nínú méjèèjì, kó kúkú ní kí n yan ojú tí n ó fọ́.

Àwa méjì péré ni ìyá wa bí, èmi àti àbúrò mi ọkùnrin. Mùsùlùmí ni ilé wa. Onígbàgbọ́ ni ilé tí mo fẹ́ ọkọ sí. Olùkọ́ ni ọkọ mi, olùkọ́ ni èmi náà títí tí mo fi fẹ̀yìn tì. Bàbá wa ti kú nígbà tí àbúrò mi ṣì kéré, àwọn ẹbí bàbá wa tó jù ú lọ sì ti pín ilẹ̀ oko tán kó tó mọ ọkọ́ dì mú. Nítorí náà, nígbà tí wọ́n gbé mi ní ìyàwó, bàbá ọkọ mi pe àbúrò mi, ó mú un lọ sí ẹ̀bá odò kékeré tó wà láàárín ìlú méjèèjì. Ó rìn láti ìdí igi irú kan dé ibi àpáta, ó ní, “Àna mi, máa dáko níbí. Ohun tó ń kú lọ́dọọdún ni kí o máa gbìn. Igi, ti onílẹ̀ ni.”

Kò sí ọmọ Ìlobù tàbí ọmọ Ìfọ́n tí a ó ṣẹ̀ṣẹ̀ túmọ̀ ìyẹn fún, ṣùgbọ́n ẹ̀yin tí ẹ ti ìgboro wá, ẹ jẹ́ n là á. Ẹni tí a yá nílẹ̀ lè gbin iṣu, ó lè gbin àgbàdo, ẹ̀gẹ́, ata, ilá. Kò gbọdọ̀ gbin igi tí yóò pẹ́ láyé jù ú lọ. Bó bá gbìn ín, lọ́jọ́ tó bá kú, àwọn ọmọ rẹ̀ á tọ́ka sí i pé, “Bàbá wa ló gbin igi yìí.” Láti orí igi náà ni wọn ó ti sọ̀ kalẹ̀ sórí ilẹ̀.

Àbúrò mi gba òfin yẹn bí ẹni gba ẹ̀sìn. Àwọn ọmọ tó ń lọ pọn omi a máa jẹ máńgòrò, wọn a sọ kóró rẹ̀ sínú oko rẹ̀. Òjò a rọ̀, kóró a hù. Láràárọ̀ ni àbúrò mi ń yí oko ká, tó ń fa èhù máńgòrò tu bí ẹni ń yọ eégbọn lára ajá. Àwọn tí wọ́n jọ ń dáko fi í ṣe yẹ̀yẹ́ títí.

“Ẹ kú àfàtu o, bàbá oní-máńgòrò.”

“Ẹ jẹ́ n fà á tu nígbà tí ìka méjì ṣì ká a,” ni àbúrò mi máa ń dá wọn lóhùn. “Tó bá di igi tán, ẹjọ́ la ó fi gé e, ẹjọ́ kì í sì í mú bí àáké.”

Bí iṣu tuntun bá jáde, àbúrò mi a ru díẹ̀ nínú rẹ̀ lọ fún ìdílé ọkọ mi, kó tó fi ẹnu ara rẹ̀ kàn án. Ìṣákọ́lẹ̀ rẹ̀ nìyẹn. A dọ̀bálẹ̀ gbalaja, wọn a gbàdúrà fún un, a wá yà lọ́dọ̀ mi wá jẹun, nítorí pé ẹ̀yìnkùlé mi ni ọ̀nà oko rẹ̀ gbà. Ilẹ̀ yẹn ló fi fẹ́yàwó, òun ló fi rán ọmọ níléèwé. Kò ní òmíràn. Orúkọ tó sì ní ní Ìfọ́n ni pé, àlejò tí kì í sọ ilẹ̀ onílẹ̀ di tirẹ̀ ni.

Nígbà tó yá, iléeṣẹ́ kan wá kọ́lé sí apá òkè odò náà. Ẹ̀gẹ́ ni wọ́n ń lọ̀ níbẹ̀ tí wọ́n ń sọ di sítáàṣì. Inú wa dùn, nítorí pé ọmọ ìlú méjèèjì ló ríṣẹ́ síbẹ̀. Ṣùgbọ́n inú odò ni omi tí wọ́n fi ń fọ ẹ̀gẹ́ ń ṣàn sí. Ẹni tó bá ti rẹ fùfú rí mọ òórùn tí mò ń wí. Kó wá ro odindi odò tó ń rùn bẹ́ẹ̀. Ẹja léfòó. Ọ̀pọ̀lọ́ dákẹ́. Wọ́n sì ti gé àwọn igi ẹ̀bá omi nígbà tí wọ́n ń la ọ̀nà fún ọkọ̀ tó ń kó ẹ̀gẹ́, bèbè odò wá ń ya wọ inú omi díẹ̀díẹ̀, pàápàá níhà oko àbúrò mi.

Àwa obìnrin ìlú méjèèjì kó ara wa jọ, a lọ bá wọn. Nígbà yẹn, a ṣì ń jọ rìn. Obìnrin kan láti Ìlobù, ẹlẹ́nu bí abẹ, gbé kẹ́ẹ̀gì omi odò náà kalẹ̀ níwájú ọ̀gá wọn.

“Ọ̀gá, ẹ kú iṣẹ́. A kì í bá onílé sọ̀rọ̀ lórí òùngbẹ. Ẹ bu omi mu.”

Ọ̀gá rẹ́rìn-ín, kò mu ún. Ṣùgbọ́n ó gbọ́. Mi ò ní í pa irọ́ mọ́ wọn: wọ́n gbẹ́ kòtò ńláńlá tí omi náà ń dúró sí kó tó ṣàn jáde, wọ́n gbẹ́ ẹ̀rọ omi fún wa, òórùn náà sì rọlẹ̀. Wọ́n tún gba ọmọbìnrin kan síṣẹ́, iṣẹ́ tirẹ̀ kò ju kó máa rí sí àwa ará àdúgbò, kó sì máa rí sí omi, ilẹ̀ àti igi. Ọmọ tó mọ̀ ọ́n kúnlẹ̀ ni. Bó bá wá sílé mi, a gba ìgbálẹ̀ lọ́wọ́ mi. Mo fẹ́ràn rẹ̀, mo ṣì fẹ́ràn rẹ̀ títí di bí mo ṣe ń sọ yìí.

Òun ló mú ọ̀rọ̀ igi wá. Wọ́n ta àtíbàbà sí ẹ̀bá odò, wọ́n pe àgbààgbà ìlú méjèèjì àti gbogbo ẹni tó ń dáko níbẹ̀. Ó ní iléeṣẹ́ yóò gbin igi tíìkì àti káṣú sí bèbè kí ilẹ̀ má baà ya mọ́. Ó wá sọ pé, “Ẹ̀yin bàbá wa, igi yìí kì í ṣe ti iléeṣẹ́ o. Tiyín ni. Olúkúlùkù ni yóò gbin tirẹ̀ sí oko tirẹ̀, a ó sì kọ orúkọ yín sára pátákó, nítorí pé ohun tó bá jẹ́ ti èèyàn ni èèyàn ń bomi rin.”

Gbogbo abẹ́ àtíbàbà pa lọ́lọ́. Ó rò pé ayọ̀ ló mú wa dákẹ́. Ráìsì iléeṣẹ́ wà lọ́wọ́ wa, a kò sì lè máa jẹ oúnjẹ ọmọlọ́mọ ká tún máa já ọ̀rọ̀ rẹ̀ ní koro lójú àwọn ọ̀gá rẹ̀. Olúkúlùkù ń retí kí ẹnìkejì pè é sí kọ̀rọ̀ lẹ́yìn náà.

Àbúrò mi ló pè é sí kọ̀rọ̀. Mo wà níbẹ̀.

“Ọmọ mi, o ṣeun. Ṣùgbọ́n èmi kì í gbin igi síbí.”

“Bàbá, àwa la ó bá yín gbìn ín.”

“Kì í ṣe iṣẹ́ ni mò ń sá fún. Ilẹ̀ yìí kì í ṣe tèmi.”

“Ta ló wá ń dáko níbẹ̀, Bàbá?”

“Èmi ni.”

“Láti ìgbà wo?”

“Bóyá wọn ò tíì bí ìyá rẹ.”

Ó rẹ́rìn-ín, ó kúnlẹ̀. “Bàbá, ẹ ti níwà ìrẹ̀lẹ̀ jù. Irú yín gan-an ló yẹ ká yẹ́ sí.” Ẹnìkan ya fótò àbúrò mi tòun ti ọkọ́ léjìká. Ibi tí ọ̀rọ̀ dé dúró lọ́jọ́ náà nìyẹn.

Nígbà tó ṣe, ojú bẹ̀rẹ̀ sí í dun àbúrò mi, mo sì tẹ̀lé e lọ sílé ìwòsàn ní Òṣogbo. Ilẹ̀ ti ń ṣú nígbà tí a padà dé. Ọ̀nà oko la gbà wọlé. Ibẹ̀ la ti bá igi tíìkì tí wọ́n tò sí bèbè, láti ìdí igi irú dé ibi àpáta, ilẹ̀ ìdí wọn ṣì tutù. Pátákó kan wà níwájú wọn. Orúkọ àbúrò mi ni wọ́n kọ sí i, gbàgàdà.

Ó ṣí fìlà. Ó bẹ̀rẹ̀, ó di ìdí èyí àkọ́kọ́ mú bó ṣe ń di èhù máńgòrò mú. Mo rò pé yóò fà á. Ó tún fi í sílẹ̀.

“Ẹ̀gbọ́n mi,” ó ní, “èyí kì í ṣe èhù. Bí mo bá fà á tu láìsọ fún onílẹ̀, mo ti ṣe bí ẹni tó láṣẹ lórí rẹ̀. Bí mo bá fi í sílẹ̀, bákan náà ni. N ó mú obì lọ bá wọn láàárọ̀.”

Obì náà ni mo wá bá a rà. Ṣùgbọ́n fóònù kì í dúró de obì. Iléeṣẹ́ ti gbé fótò àbúrò mi tòun ti ọkọ́ síta lẹ́gbẹ̀ẹ́ fótò pátákó náà, wọ́n sì kọ ọ̀rọ̀ dáadáa sí ìsàlẹ̀ rẹ̀: pé àgbẹ̀ rere ọmọ Ìlobù nìyí, tó ń tún ilẹ̀ àwọn bàbá rẹ̀ ṣe. Kí ilẹ̀ tó mọ́, Wásáàpù ti gbé e yí Ìfọ́n ká.

Nígbà tí èmi àti àbúrò mi wọlé, fóònù ọmọọmọ kan wà lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n ọkọ mi, tó jẹ́ baálé ilé wa. Ọkọ mi ti kú. Òun ló kù tó mọ bí bàbá wọn ṣe fún àbúrò mi nílẹ̀. Mo kúnlẹ̀. Àbúrò mi dọ̀bálẹ̀.

“Àna, dìde,” ni baálé wí. “Bá mi ka ohun tó wà níbí. Ojú mi ò ríran mọ́.”

“Ojú tèmi náà ò ríran, Bàbá. Ojú náà ni mo gbé lọ sí Òṣogbo tí wọ́n fi ráyè gbìn ín.”

Ẹ̀rín fẹ́ bọ́ lẹ́nu àgbàlagbà náà. Ṣùgbọ́n àwọn ọ̀dọ́ ilé ti dúró yí ká, ọ̀kan nínú wọn sì sọ ọ́ kí gbogbo wa gbọ́: “Bàbá wọn ò fi ilẹ̀ sílẹ̀ fún wọn. Fóònù ló wá bí ilẹ̀ fún wọn.”

“Pa ẹnu rẹ dé,” ni baálé wí. Ó wá kọjú sí àbúrò mi. “Èmi mọ̀ ọ́. Bó o bá ní o kò gbìn ín, o kò gbìn ín. Ṣùgbọ́n èmi àti ìwọ la ó kú, fóònù kò ní í kú. Lọ fi ọwọ́ ara rẹ wú u lójú ọ̀sán, kí ẹni tó bá fẹ́ wò ó wò ó.”

Àbúrò mi dúpẹ́. Ọkàn rẹ̀ balẹ̀. Mo rí i lára ìrìn rẹ̀. Ó wá àpò kan, ó rẹ ẹ́ sómi, ó ń wú àwọn igi náà lọ́kọ̀ọ̀kan tòun ti erùpẹ̀ ìdí wọn, ó ń rọra kó wọn sínú rẹ̀. Ó ní kò yẹ kí wọ́n kú, iléeṣẹ́ lè rí ibòmíràn gbìn wọ́n sí. Mò ń bá a bomi sí àpò lára nígbà tí àwọn ọ̀dọ́ Ìlobù fi ọ̀kadà dé.

“Bàbá, ta ló ní kí ẹ máa wú igi wa?”

“Igi yín kẹ̀?”

“Gbogbo ayé ti rí i pé ilẹ̀ Ìlobù ni. Orúkọ yín ló wà níbẹ̀.”

“Orúkọ mi ló wà níbẹ̀, ẹnu mi kò sí níbẹ̀. Ẹ bi mí kí n sọ fún yín.”

“Ẹ̀rù Ìfọ́n ló ń bà yín, Bàbá. Ẹ jókòó. A ó bá yín gbà á.”

Wọ́n bọ̀wọ̀ fún un o. Wọ́n dọ̀bálẹ̀ kí wọ́n tó gba àpò náà lọ́wọ́ rẹ̀. Wọ́n tún igi gbìn, wọ́n lọ kó òmíràn kún un, wọ́n ń lọ wọ́n ń bọ̀ lórí èbè, wọ́n ń fi bàtà tẹ ọwọ́ iṣu mọ́lẹ̀. Àbúrò mi jókòó sórí ilẹ̀ bí wọ́n ṣe ní kó jókòó. N kò tíì rí àgbẹ̀ tó jókòó sínú oko ara rẹ̀ bẹ́ẹ̀ rí.

Nígbà tí ìròyìn dé Ìfọ́n, ọ̀rọ̀ ti bọ́ lọ́wọ́ baálé. Àwọn ọ̀dọ́ ilé pa ààlè sí ẹnu oko náà, pé ẹsẹ̀ ẹni tó bá ti òdì kejì odò wá kò gbọdọ̀ tẹ ibẹ̀ mọ́. Ọmọbìnrin iléeṣẹ́ wá bá mi, ó wó sórí ẹní mi, ó sunkún títí.

“Mọ́mì, mo rò pé bó bá jẹ́ tiwọn ni wọn ó fi tọ́jú ẹ̀.”

“Òótọ́ lo rò, ọmọ mi,” ni mo wí. “Ohun tó fà á gan-an nìyẹn.”

Wọ́n yọ fótò náà kúrò. Ta ni yóò bá wọn yọ ọ́ kúrò nínú fóònù ìlú méjì?

Ìjà ilẹ̀ àárín Ìlobù àti Ìfọ́n ti dàgbà jù mí lọ. Kì í ṣe igi ló bí i, kì í sì í ṣe iléeṣẹ́. Ó ti ń rìn kiri láti ọjọ́ yìí. Igi yẹn kàn júwe oko àbúrò mi fún un ni. Ọ̀rọ̀ ń gbóná láti ọ̀sẹ̀ dé ọ̀sẹ̀, títí ó fi di ohun tí ẹ̀yin náà gbọ́. Ìjọba kéde kónílé-ó-gbélé. Sójà dúró sójú títì. Ọ̀nà tí a lè rìn kí iṣu orí iná tó jinná wá di ọ̀nà tí kò ṣeé rìn.

Iṣu àbúrò mi wà nílẹ̀. Láràárọ̀ ni ó ń pè mí lórí fóònù.

“Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ ò sùn dáadáa bí?”

“Mo sùn. Ìwọ ńkọ́?”

“Ewé iṣu ńkọ́?”

N ó lọ sí ẹ̀yìnkùlé, n ó nà tàntàn wo oko lọ́ọ̀ọ́kán. “Ó ti ń pọ́n.” Lọ́jọ́ mìíràn, “Ó ti ń gbẹ.” Lọ́jọ́ mìíràn, “Ó ti gbẹ o.”

“Ìṣákọ́lẹ̀ ọdún yìí ńkọ́?”

“Àbúrò mi, ta ló ń ro ìyẹn báyìí?”

“Èmi ni mò ń rò ó. Bí ọdún bá kọjá tí n kò gbé iṣu lọ, á jẹ́ pé òpùrọ́ ni mí, fótò yẹn ló sọ òótọ́.”

Kì í ṣe ebi ló ń sọ. Àwọn ọmọ rẹ̀ ń bọ́ ọ. Ohun tó ń bà á lẹ́rù ni pé kó lọ bá bàbá ọkọ mi lọ́run pẹ̀lú orúkọ ẹni tó gba ilẹ̀ mọ́ onílẹ̀ lọ́wọ́.

Mo lọ kúnlẹ̀ fún baálé. Ó ní kí n lọ wà á, bí ẹnikẹ́ni bá bi mí, kí n ní òun ni. Mo mú àdá, mo wọ inú oko. Ọ̀pọ̀ nínú rẹ̀ ti jẹrà níbi tí wọ́n ti tẹ̀ ẹ́. Mo ṣa èyí tó dáa, mo rù ú lọ sílé baálé gẹ́gẹ́ bí àbúrò mi ṣe máa ń rù ú. Mo gbé e kalẹ̀, mo ní, “Àna yín ní kí n gbé e wá.”

Àgbàlagbà náà na ọwọ́, ó fọwọ́ kan iṣu kan, ó ń pa á lára bí ẹni ń pa orí ọmọ. Lẹ́yìn náà ló gbé ọwọ́ kúrò.

“Ìyàwó, gbé e padà. Bí mo bá gbà á, mo gbà pé ó ṣì wà lórí ilẹ̀ nìyẹn. Àwọn ọmọ yìí kò ní í gbà fún mi. Ayé ti yí, ọ̀rọ̀ mi kò tó ilé mi mọ́.” Ojú rẹ̀ tí kò ríran kún fún omi.

Mo sọ bó ṣe rí fún àbúrò mi lórí fóònù. Mo ti ronú pé kí n pa irọ́, ṣùgbọ́n ẹni tí kò pa irọ́ rí lórí ilẹ̀, báwo ni n ó ṣe pa á fún un?

“Ṣé ó tóbi, Ẹ̀gbọ́n mi?”

“Ó tóbi.”

“Ẹ bá mi fi ọ̀kan sílẹ̀ fún èèbù.”

Kò pẹ́ sí ìgbà náà tó fi kú. Wọ́n ní ẹ̀jẹ̀ ríru ni. A kì í fi òkú Mùsùlùmí pamọ́ de ẹni tí sójà dí lọ́nà. Ọmọ rẹ̀ obìnrin pè mí, ó gbé fóònù sókè lẹ́bàá sàréè kí n lè gbọ́. Mo jókòó sí ẹ̀yìnkùlé, mo kọjú sí Ìlobù. Mo gbọ́ ohùn lèmọ́ọ̀mù nínú fóònù, atẹ́gùn sì tún gbé e wá bá mi láti ibẹ̀. Bí ọ̀nà ṣe sún mọ́ra tó nìyẹn. Mo gbọ́ nígbà tí wọ́n ń wa erùpẹ̀ bò ó. Ọmọ ìyá mi kan ṣoṣo, etí ni mo fi sin ín.

Sójà ti kúrò báyìí, ọ̀nà ti là, àwọn kan sì ti ń rìn ín. Ẹ jẹ́ n wá sọ ẹni tó jogún nǹkan.

Ọmọ rẹ̀ ọkùnrin jogún ọkọ́ àti àdá. Ọkọ̀ tó ń kó ẹ̀gẹ́ ló ń wà fún iléeṣẹ́, nítorí náà ẹ̀yìn ilẹ̀kùn ni ọkọ́ wà. Pátákó tí orúkọ bàbá rẹ̀ wà lára rẹ̀ ti di ilẹ̀kùn ilé adìẹ níbì kan ní Ìlobù. Wọ́n kọjú orúkọ sínú, àwọn adìẹ nìkan ló ń rí i. Iléeṣẹ́ jogún àmì ẹ̀yẹ kan, dígí dídán, tí wọ́n fún wọn nítorí iṣẹ́ rere tí wọ́n ṣe lórí igi. Wọ́n gbé ọmọbìnrin náà lọ sí ẹ̀ka mìíràn. Ẹlòmíràn jogún àga rẹ̀. Koríko jogún oko. Ilé ọkọ mi ni wọ́n ní in, kò sì sẹ́ni tó ń dá a nínú wọn. Odò jogún igi. Ẹ má bi mí bóyá wọ́n wúlò: wọ́n ti ga, bèbè kò ya mọ́, omi mọ́ gaara, àwọn ọ̀pọ̀lọ́ sì ti padà dé.

Èmi ni mo jogún èèbù. Mo gé e, mo gbìn ín sí ẹ̀yìnkùlé, ó sì hù. Èhù máńgòrò kan hù lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, láti ara kóró tí àwọn ọmọọmọ mi sọ sílẹ̀. Ilẹ̀ ọkọ mi ni. Kò sẹ́ni tó ní kí n má gbin igi síbẹ̀. Mo bẹ̀rẹ̀, mo fi ìka méjì fà á tu.